Ara Mi Le, Dókítà

"Màmá Fèyíkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ fóònù díẹ̀ sí i. Òòrùn wà lẹ́yìn yín, mi ò rí ojú yín dáadáa. Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti dáa báyìí. Báwo ni ara?"

"Ara mi le, Dókítà. Ògo ni fún Ọlọ́run."

"Orí ńkọ́? Ṣé kì í fọ́ yín?"

"Orí mi pé, sà. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ayọ̀ ni mo fi ń rìn, sà."

Dókítà Bùsàrí rẹ́rìn-ín nínú fóònù. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru tí Fèyíkẹ́ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ náà dáa. Ẹ kú ìtọ́jú ara. Fèyíkẹ́, o ṣeun, ọmọ dáadáa."

Fèyíkẹ́, tó di fóònù náà mú, wo iyanrìn tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde tán kí ojú dókítà tó lọ.

Irọ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tán yìí. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyá, èkejì jẹ́ ti ọmọ, wọn kò sì jọ ara wọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìyá. Ọlákẹ́mi, ìyá Fèyíkẹ́, kì í ṣe òpùrọ́ ènìyàn. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló ti rí ọkọ fẹ́. Láàárín wọn níbẹ̀, wọn kì í fi ẹnu ara wọn pe àìsàn. Bí ibà ń gbọ̀n ọ́ jìgìjìgì, tí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo ni ara, "ara mi le" ni wàá wí. Lójú wọn, ẹni tó bá sọ pé ara òun kò yá ti ṣílẹ̀kùn fún àìsàn náà, ó ti gbé àga fún un. Nínú abúlé, ọ̀rọ̀ yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí ẹni tó bi ọ́ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ò ń gbọ̀n, yóò sì wá aṣọ bò ọ́. Ṣùgbọ́n Ajah ni Dókítà Bùsàrí wà. Ojú Ọlákẹ́mi àti ọrùn sútánà rẹ̀ nìkan ló ń rí. Kò rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tó fi gèlè fún orí pinpin, tó ń kérora lórí ẹní. Kò sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ yẹn ti wú. Bó bá jẹ́ obìnrin mìíràn ni, bàtà tí kò wọlé mọ́ ni ì bá kọ́kọ́ ta á lólobó. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti gbé sútánà wọ̀, Ọlákẹ́mi kì í sì í bọ́ sútánà sílẹ̀ láti ìgbà tó ti lóyún, tí oyún náà sì ti tóbi. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn láti ilé dé ilé àdúrà, láti ilé àdúrà dé ibi ààrò tó ti ń yan ẹja, sútánà sì bo ẹsẹ̀ náà dé ilẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i pé ojú ẹsẹ̀ tó ń fi sílẹ̀ lórí iyanrìn ti ń fẹ̀ sí i. Fèyíkẹ́ ni.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ irọ́ kejì.

Ìdí-Ọsàn, abúlé wọn, wà láàárín òkun àti ọ̀sà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń fọ epo máa ń tan pupa lójú sánmà níbẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí èbúté kì í dáwọ́ dúró lójú títì. Gbogbo ohun tó tóbi ló ń kọjá lára Ìdí-Ọsàn, dókítà kan kò yà wọlé rí. Àǹtí Àrínọlá, nọ́ọ̀sì ìjọba tó ń gun ọ̀kadà láti abúlé dé abúlé, ni wọ́n ní, òun náà sì ń sá kiri títí tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan ló wá gbé ètò tuntun dé. Wọ́n ní bí dókítà kò bá lè wá, fóònù lè gbé e wá. Abúlé kọ̀ọ̀kan gba fóònù kan àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní kí Àǹtí Àrínọlá wá ẹni tó mọ̀wé, tó sì gbọ́n, tí yóò máa wọn àwọn aboyún láràárọ̀, tí yóò máa fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí dókítà. Fèyíkẹ́ ló mú. Aboyún méjì ló wà ní apá ọ̀dọ̀ wọn: ìyá rẹ̀, àti Afusat, ìyàwó tuntun tó ń gbé ilé kejì, tí oyún àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀.

"Fèyíkẹ́, fetí sílẹ̀," ni Àǹtí Àrínọlá wí lọ́jọ́ tó kó ẹ̀rọ náà lé e lọ́wọ́. "Bí nọ́ńbà òkè bá ti wọ 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá wọ 90, má ṣe bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Fi ránṣẹ́ bó ṣe rí, kí o sì pè mí kíá. Dókítà ò sí níbí o. Ìwọ ni ojú rẹ̀."

"Mo ti gbọ́, mà."

Inú rẹ̀ dùn! Ó gbé báàgì ẹ̀rọ náà kọ́ ọrùn, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ kò tó. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Dókítà Kékeré, òun náà sì ń dáhùn. Àgbàlá ìjọ, lábẹ́ igi àgbọn, nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọ̀ dáadáa ní Ìdí-Ọsàn, ibẹ̀ ló ti ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́, yóò bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.

Nǹkan kan tún wà tó ń jẹ ọmọ yìí lọ́kàn. Ọdún tó kọjá ló yẹ kó ti ṣe Wáẹ̀kì. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ṣàìsàn, tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò máa sáré oògùn, tí yóò máa fọ aṣọ. Ọláníyan, bàbá Fèyíkẹ́, ń ṣe bíríkìlà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ní Ṣàngótẹ̀dó, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ìyá rẹ̀ kò lè fi ààrò sílẹ̀. Fèyíkẹ́ ló lọ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, òun ń da ìtọ̀ ìyá àgbà nù. Ìyá àgbà sì kú náà. Àwọn ẹgbẹ́ Fèyíkẹ́ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, òun ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù, àwọn àbúrò wọn ló ń bá jókòó. Ó ti búra fún ara rẹ̀ pé ohunkóhun ì báà ṣẹlẹ̀, òun yóò kọ Wáẹ̀kì lọ́dún yìí.

Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Físíìsì, èyí tó bẹ̀rù jù, ku ọ̀la, nígbà tó so ẹ̀rọ mọ́ apá ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà bá wọn sọ̀rọ̀ yẹn, tí ẹ̀rọ náà fún apá, tó mí sílẹ̀, tó sì gbé nọ́ńbà jáde: 162 lórí 108.

Ó tún un wọ̀n. Ibì kan náà ló dúró sí.

"Kí ló wí?" ìyá rẹ̀ bi í, ojú rẹ̀ wà ní dídì.

"Màámi, ó ga o. Ó ga gan-an."

"Má fi ẹnu rẹ pè é!" Ọlákẹ́mi ṣí ojú wàì. "Ẹ̀jẹ̀ mi ò ga. Mo ti mu omi àdúrà, bíi ti àwọn obìnrin Hébérù ni n ó ṣe bímọ. Bí o bá fi nǹkan yìí ránṣẹ́, wọ́n á ní kí n wá sùn sí ọsibítù, wọ́n á sì fọ̀bẹ là mí. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Rárá, mà."

"Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́."

Fèyíkẹ́ gbé fóònù, ó lọ sábẹ́ igi àgbọn, ó jókòó. Ó kọ 1, ó kọ 6, ó sì dáwọ́ dúró. Bó bá fi í ránṣẹ́, ọkọ̀ yóò dé lónìí. Ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ lọ? Ta ni yóò sùn lórí ilẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí yóò máa fọ aṣọ? Ó ti mọ ẹni náà. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ó rí gbọ̀ngàn ìdánwò, ó rí àga rẹ̀ tó ṣófo. Ó pa 6 yẹn rẹ́. Ó kọ 122 lórí 78, ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ.

"Ọ̀la péré ni," ó wí fún ara rẹ̀. "Bí mo bá ti kọ Físíìsì tán, n ó sọ òótọ́."

Báyìí ni irọ́ ọmọ ṣe wáyé. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé ìyá ló fà á, àmọ́ Fèyíkẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tó ń pa nọ́ńbà náà rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ojú léraléra.

"Kí ló ń ṣe yín lójú, Màámi?"

"Èéfín ẹja ni. Ojú mi kàn ń ṣe bàìbàì. Lọ, má pẹ́ débẹ̀. Olúwa á ṣí ọ níyè."

Ààrò kò tíì gbiná láàárọ̀ yẹn. Fèyíkẹ́ rí i pé kò sí èéfín kankan. Ó wo báàgì ẹ̀rọ, ó wo òòrùn, ó sì gbọ́ bí ọlọ́kadà tó ń dúró dè é ṣe ń fọn fèrè. Kò wọn ìyá rẹ̀ rárá. Ó sáré dé àgbàlá ìjọ, ó kọ 120 lórí 80 láti inú orí ara rẹ̀, ó fi ránṣẹ́, ó tọ́jú fóònù padà sílé, ó sì lọ.

Ìdánwò náà dùn. Ìbéèrè tó kà lálẹ́ àná ni wọ́n gbé jáde. Nígbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọlọ́kadà, ó ń kọrin, ó ti ń ro bí yóò ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà fún Àǹtí Àrínọlá tí kò fi ní bínú púpọ̀. Bí wọ́n ti yà wọ abúlé ló rí èrò níbi ààrò.

Sútánà funfun ló kọ́kọ́ rí, lórí ilẹ̀, tí eérú ti bà jẹ́. Ìyá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Gìrì ti gbé e. Ara rẹ̀ le gbagidi, eyín rẹ̀ pàdé, ojú rẹ̀ yí sókè, kò mọ ẹnikẹ́ni. Bàbá Ọdúnjọ, olùṣọ́ ìjọ wọn, kúnlẹ̀ nínú eérú, ó fi itan rẹ̀ gbé orí obìnrin náà. Àǹtí Àrínọlá wà níbẹ̀, òógùn bò ó, ó ti tan fóònù kalẹ̀, ohùn Dókítà Bùsàrí sì ń dún nínú rẹ̀.

"Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ọkọ̀ ti kúrò níbí, ó ń bọ̀. Àǹtí Àrínọlá, ẹ wọ̀n ọ́n fún mi."

Àǹtí Àrínọlá wò ó. "Dókítà, ó ti lé ní 190."

"Kí lẹ wí? 120 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí! 122 lánàá! Mo bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀, ó ní orí ò fọ́ òun. Ẹ wo ẹ̀rọ yẹn dáadáa, ó ti bàjẹ́!"

Àǹtí Àrínọlá yí ẹ̀rọ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Fèyíkẹ́ dúró láàárín èrò, yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, ìwé lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ lanu nígbà náà, ì bá wọ inú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Wọ́n gbé Ọlákẹ́mi dé Ajah. Ọ̀bẹ tó ń sá fún náà ni wọ́n padà fi là á. Ọmọkùnrin ni wọ́n gbé jáde, ó ní irun lórí púpọ̀, kò sì sunkún, nítorí kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀ mọ́. Ìyá sùn, kò jí, kò jí, títí tí Ọláníyan fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri sọ̀rọ̀ nínú ọsibítù. Nígbà tó jí, ọwọ́ ló kọ́kọ́ fi kan ikùn rẹ̀. Fèyíkẹ́ ló jókòó tì í. Òun náà ló sùn lórí ilẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó fọ aṣọ, tó sáré oògùn. Ìdánwò méjì tó kù kọjá lórí rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sí Ìdí-Ọsàn, ọ̀rọ̀ ti di ariwo. Gbogbo abúlé ní ẹ̀rọ Àǹtí Àrínọlá ló tan wọ́n jẹ. Ọláníyan, tí kì í bá ènìyàn jà, lọ dúró síwájú nọ́ọ̀sì náà ní gbangba.

"Fóònù! Fóònù lẹ fi ń tọ́jú ìyàwó mi! Ẹ sọ fún wa pé ara ẹ̀ dáa, ẹ ní nọ́ńbà dáa! Ọmọ mi dà?"

Àǹtí Àrínọlá kúnlẹ̀, àgbàlagbà tó tó ẹ̀gbọ́n Ọláníyan, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Fèyíkẹ́ ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ojú tì í débi pé ó fi aṣọ ìkélé bo ojú. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kó ẹ̀rọ Ìdí-Ọsàn lọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní kí Àǹtí Àrínọlá ṣì dáwọ́ iṣẹ́ fóònù náà dúró títí wọn yóò fi ṣèwádìí. Láti ọjọ́ náà, aboyún kan kò tún jókòó síwájú fóònù mọ́, ní Ìdí-Ọsàn àti ní àwọn abúlé tó yí i ká. Ìtìjú náà ń gbòòrò, ẹni tó dá a sílẹ̀ sì ń pọn omi, ó ń dáná, kò sọ nǹkan kan.

Bàbá Ọdúnjọ wá kí Ọlákẹ́mi. Ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Kí ló dé tí o fi sọ fún dókítà pé orí ò fọ́ ọ?"

"Bàbá, ṣebí bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ara mi le."

Bàbá Ọdúnjọ mi orí títí. "Ọmọ mi, Ọlọ́run là ń bá sọ ìyẹn. Ìbéèrè ni dókítà ń bi ọ́. Kò sí ẹni tó ní kí o purọ́ fún ẹni tó fẹ́ wò ọ́ sàn." Ó dìde, ó gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá wí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni Fèyíkẹ́ lọ pọn omi, tó bá Afusat níbi ẹ̀rọ omi. Ikùn Afusat ti yọ síwájú. Ó fẹ́ gbé korobá, ó gbé e sílẹ̀, ó di ẹ̀bátí mú.

"Kí ló ń ṣe yín, Àǹtí Afusat?"

"Orí ni. Ó ti ń fẹ́ là láti ìjẹta." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Fèyíkẹ́ wo ilẹ̀. Bàtà ọkùnrin ló wà lẹ́sẹ̀ Afusat, bàtà ńlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

"Bàtà ta nìyí?"

"Ti ọkọ mi ni. Tèmi ò wọ̀ mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ ní kí wọ́n pe Dókítà fún yín."

"Dókítà inú fóònù?" Afusat wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Ọkọ mi ti ní òun ò gbọdọ̀ rí mi níbẹ̀. Fèyíkẹ́, ṣé ìwọ náà ò rí ohun tí ojú Màmá yín rí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un dé ìsàlẹ̀ ọkàn. Ó fi korobá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré wálé. Ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, bàbá rẹ̀ ń tún àga kan kàn. Fèyíkẹ́ kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀rọ ò bàjẹ́," ó wí, omi sì ti bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. "162 ló wí. Mo rí i. 122 ni mo kọ. Lọ́jọ́ kejì, mi ò wọ̀n yín rárá. Orí ara mi ni mo ti mú nọ́ńbà yẹn."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Ọláníyan. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá a, ọwọ́ náà sì dúró sókè lásán. Ọlákẹ́mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Má bá a wí, Bàbá Fèyíkẹ́. Èmi ni mo ní kó má fi ẹnu ẹ̀ pè é. Èmi ló gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Ọ̀nà àbáyọ rèé, ìyá rẹ̀ ló ṣí i sílẹ̀ fún un. Bó bá gbà á, kò sí ẹni tó máa mọ̀ láyé.

"Rárá, Màámi," ni Fèyíkẹ́ wí. "Kì í ṣe nítorí yín. Físíìsì ni. Mi ò fẹ́ tún wà ní ọsibítù. Ìdánwò mi ni mo rò, mi ò ro yín."

Ọláníyan jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì gbọ́ ọ bó ṣe ń sunkún níbẹ̀, ẹkún àgbà ọkùnrin, èyí tí Fèyíkẹ́ kò gbọ́ rí. Ọlákẹ́mi kọ ojú sí ògiri. Fèyíkẹ́ kò dìde lórí ìkúnlẹ̀, orúnkún sì ń dùn ún.

"Kí ló mú ọ sọ ọ́ lónìí?" ìyá rẹ̀ bi í nígbà tó pẹ́, láì yíjú padà.

"Bàtà ọkọ ni Àǹtí Afusat ń wọ̀, Màámi. Orí sì ń fọ́ wọn."

Ọlákẹ́mi dìde jókòó. Ó fi ọwọ́ di ojú ọgbẹ́ ikùn rẹ̀ mú, ó na ọwọ́ kejì sí ìró rẹ̀. "Pe Àǹtí Àrínọlá. Kí bàbá rẹ wá fà mí lọ́wọ́."

Báyìí ni ìyá, bàbá àti ọmọ ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà Afusat, tí ọkọ rẹ̀ jáde sí wọn pẹ̀lú ojú líle. Ọlákẹ́mi sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ní Ìdí-Ọsàn kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ara mi ò le lọ́jọ́ yẹn. Orí ń fọ́ mi, mo ní kò fọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi wú, mo fi sútánà bò ó. Ẹ̀rọ sọ òótọ́, ọmọ mi yí i padà. Fóònù ò purọ́ fún wa, àwa la purọ́ fún un. Ẹ wo ikùn mi bó ṣe ṣófo. Ẹ má jẹ́ kí tìyàwó yín ṣófo."

Àǹtí Àrínọlá yá ẹ̀rọ abúlé kejì wá. Fèyíkẹ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un nínú fóònù, nọ́ọ̀sì náà kò tù ú nínú, kò sì bú u. Ó kàn na ẹ̀rọ náà sí i.

"So ó mọ́ ọn lápá. Kí o kà á sókè, kí gbogbo wa gbọ́."

Ẹ̀rọ náà fún, ó mí sílẹ̀. Afusat di ọwọ́ Fèyíkẹ́ mú. "Fèyíkẹ́, jọ̀ọ́, má sọ pé ó ga. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ẹ̀rù ń ba Fèyíkẹ́ náà. Ó kà á sókè bó ṣe rí: "158 lórí 104." Ọkọ Afusat ṣe kíá, ó wá ọkọ̀, kí òòrùn tó wọ̀, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ Dókítà Bùsàrí. Obìnrin ló bí, ọmọ kékeré tinínntín. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn sunkún.

Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú dá iṣẹ́ Àǹtí Àrínọlá padà fún un, àwọn aboyún sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ni wọ́n kó ẹ̀rọ lé lọ́wọ́. Àwọn ọmọdé kò pe Fèyíkẹ́ ní Dókítà Kékeré mọ́. Nígbà tí èsì Wáẹ̀kì jáde, Físíìsì ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù bàbá rẹ̀, ó sì pa á. Láti ẹ̀yìn ògiri ló ti ń gbọ́ igbe ọmọ Afusat láràárọ̀, ó sì mọ̀ pé ìyá òun náà ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, dókítà tó wà lọ́nà jíjìn kò ní ojú, kò ní ọwọ́. Òótọ́ tí ẹ bá sọ fún un ló fi ń rí aláìsàn. Ẹ̀tàn tí Fèyíkẹ́ rò pé ọjọ́ kan péré ni yóò lò ti di ohun tí yóò bá a dàgbà.

Ìyá rẹ̀ ṣì máa ń lọ jókòó sábẹ́ igi àgbọn fún àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó padà síbẹ̀, Dókítà Bùsàrí yọjú nínú fóònù, ó kí i, ó bi í pé, "Báwo ni ara, Màmá Fèyíkẹ́?"

Ọlákẹ́mi la ẹnu. Fèyíkẹ́ mọ ohun tó fẹ́ jáde níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ pa ẹnu náà dé, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì tún wo fóònù.

"Ara mi ò yá, Dókítà," ó wí. "Mi ò lè sùn. Mò ń gbọ́ igbe ọmọ."

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ fún mi," ni Dókítà Bùsàrí wí. "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Mò ń gbọ́."